Ta Ni Kó Dúró fún Ta? Ọ̀rọ̀ Àmì Ojú Pópó ní Oríta Àdúgbò Wa

Ohun kan ṣoṣo ni lẹ́tà tí ẹ fi pè mí sí ìpàdé àdúgbò yìí béèrè: irú àmì wo ni kí a rì mọ́ oríta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa? Àwọn kan nínú yín ní kí a ri pátákó "dúró" sí ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan ní bọ́ǹpù ni. Àwọn mìíràn ní kí a lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá gbé iná tìráfíìkì síbẹ̀. Mi ò ní fi ìdáhùn mi pamọ́ di ìparí. Igun oríta yẹn ni kí a kọ́kọ́ là kí ojú lè ríran, kí a tó náwó lórí àmì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, kí títì ọlọ́dà máa lọ, kí ọ̀nà tó dábùú rẹ̀ máa fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, àlàyé ìdí rẹ̀ ni.

Ní oríta, ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn rí fẹ́ gba orí ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró kí ẹnìkejì kọjá. Níbi tí kò bá ti sí àmì, agbára ló ń ṣe ìdájọ́. Típà tó kó yanrìn kì í dúró fún máíkírà, máíkírà kì í dúró fún ọ̀kadà, ọ̀kadà kì í dúró fún ọmọ tó gbé báàgì ìwé kọ́ ẹ̀yìn. Ọmọ yẹn ló ń dúró fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ òun ló kéré jù, òun ni kò tíì mọ bí a ṣe ń ṣírò eré ọkọ̀, ara tirẹ̀ náà ni kò sì lè gba ìkọlù. Àmì ni àwùjọ fi ń sọ fún alágbára pé, níbí yìí, ìwọ ni kó o dúró. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí a ń pe gbogbo àdúgbò jọ lé lórí.

Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo lọ jókòó sí oríta náà ní àárọ̀ ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo yín lẹ mọ ibẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Títì tó ti ọ̀nà ọjà wá ní ọ̀dà. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà tó dábùú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń jáde láti orí ilẹ̀ pupa bọ́ sí títì, kóńténà kan wà ní igun òsì rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ọ̀dà. Iwájú kóńténà ni agboòrùn àwọn oní-POS wà, pátákó wọn sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máíkírà kan dé. Dírẹ́bà rọra yọ imú ọkọ̀, ó na ọrùn, kò rí nǹkan kan, ó tún yọ díẹ̀ sí i. Kí ojú rẹ̀ tó kọjá etí kóńténà, iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ti wà lórí títì. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ láti apá òsì fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́lẹ̀, ó yà bàrá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ sọdá, ọmọbìnrin kan sì fò padà sínú gọ́tà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó farapa. Ọlọ́kadà bú dírẹ́bà, dírẹ́bà náà bú u padà, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Nínú àwọn méjèèjì, n kò rí èyí tó ṣẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni kò jẹ́ kí ẹnìkan rí ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sí i. Ojú dírẹ́bà kì í wà ní imú ọkọ̀. Ó máa ń tó mítà méjì ó lé díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìlànà kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2007, tí wọ́n ń pè ní Manual for Streets, fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀. Ó ní kí a dúró ní mítà 2.4 sí etí títì, kí a wá wo ibi tí ojú wa ríran dé. Bí ọkọ̀ orí títì bá ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ẹni tó dúró níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rí mítà 43 lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí eré wọn bá wà ní nǹkan bíi 30, mítà 25 ti tó. Àwọn tó ṣe ìwé náà kò kàn fẹnu sọ iye yìí. Ọkọ̀ tó ń sáré 50 ń lọ tó mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìwé òfin ìwakọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọkọ̀ tó wà lórí irú eré bẹ́ẹ̀ nílò mítà 23 kó tó dúró pátápátá: mítà 9 á ti lọ kí ẹsẹ̀ dírẹ́bà tó tẹ bíréèkì, mítà 14 yòókù ni bíréèkì fúnra rẹ̀ máa jẹ. Orí títì gbígbẹ nìyẹn, pẹ̀lú bíréèkì tó jí pépé. Bí eré bá wálẹ̀ sí 32, mítà 12 péré ni.

Ẹnikẹ́ni lè fi ẹsẹ̀ wọn èyí. Ìgbésẹ̀ ńlá kan súnmọ́ mítà kan. Mo dúró sí ibi tí dírẹ́bà yóò wà, mo wo apá òsì: ara kóńténà ni mo rí. Ohun tí mo rí lórí títì lọ́wọ́ yẹn kò tó ìdajì ohun tí ìwé náà béèrè. Bí a bá wá ri pátákó "dúró" síbẹ̀ lọ́la, dírẹ́bà á dúró lóòótọ́, kò ní rí nǹkan kan, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ imú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe lónìí. A ti náwó, ewu náà sì wà níbi tó wà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kóńténà yìí kò rọrùn. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kan wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ín kò jí ilẹ̀ náà. Ó sanwó fún ẹni tó fún un láyè, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju púpọ̀ nínú wa lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín lọ bá a pẹ̀lú ìhàlẹ̀ tàbí kó lọ pe àwọn tó ń wó ìsọ̀. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ á ṣì máa rí i, tí kò sì ní dí ojú ẹnikẹ́ni. Kí ẹgbẹ́ onílé sanwó ọkọ̀ tó máa gbé kóńténà náà, kí wọ́n bá a fi kọnkéré sí ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gba owó ilẹ̀ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la jọ fẹ́ ààbò, gbogbo wa ló yẹ ká jọ san owó rẹ̀. Agboòrùn àwọn oní-POS rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tán.

Orí ọ̀rọ̀ kóńténà yìí gan-an ni ìdájọ́ àmì wà. Àmì fọ̀nà-sílẹ̀, èyí tó jẹ́ onígun mẹ́ta tó dorí kodò, ń sọ fún dírẹ́bà pé kó dẹ eré, kó wò, kó sì jẹ́ kí ẹni tó wà lórí títì ńlá kọjá. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ó lè máa lọ láìdúró. Àmì dúró ń sọ fún un pé, bó rí ẹnìkan o, bí kò rí ẹnìkan o, kí táyà rẹ̀ dúró pátápátá ná. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ̀nà-sílẹ̀ ló pọ̀ jù ní oríta. Ibi tí ilé, ògiri tàbí òkè kò bá ti jẹ́ kí ojú ríran ni wọ́n ń pa àmì dúró mọ́ fún. Mo gbà pé ọgbọ́n tó dára nìyẹn. Bí kóńténà bá kúrò, tí a rí mítà 43 lọ́tùn-ún lósì, fọ̀nà-sílẹ̀ ni kí a rì. Bí kò bá kúrò, àmì dúró ni, kí gbogbo wa sì mọ̀ pé èyí kejì kò lè dáàbò bo àwọn ọmọ wa tó èyí àkọ́kọ́.

Ní ti àwọn tó fẹ́ àmì dúró sí ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo mọ ìfẹ́ tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìrírí àwọn tó ti lo àmì yẹn jù lọ láyé fi hàn. Ìwé ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà lórí àmì ojú pópó, tó kọ́kọ́ jáde ní 1935, sọ ọ́ kedere pé kò yẹ kí a lo àmì dúró láti fi dín eré ọkọ̀ kù. Kí wọ́n tó rì í sí gbogbo ojú ọ̀nà, lára ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ìjàǹbá márùn-ún, irú èyí tí àmì náà ì bá dènà, ti ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù méjìlá, tàbí bóyá ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà ńlá wọ oríta náà tó 300 ní wákàtí kan, fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Èmi ò ní sọ pé kí a dúró de ìjàǹbá márùn-ún. Ọ̀kan ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ṣọ́ra yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: dírẹ́bà tí a bá ní kó dúró lójoojúmọ́ níbi tí kò ti rí ìdí kankan tó fi yẹ kó dúró, kì í pẹ́ tí kò fi ní dúró mọ́. Nígbà tó bá yá, á gbé ìwà yẹn dé ibi tí ìdí wà.

Àmì tí wọn kò tẹ̀lé burú ju àìsí àmì lọ, nítorí ẹni tó gbà á gbọ́ ni ó ń pa. Ẹni tó mọ̀ pé kò sí àmì á ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ọmọ tí tíṣà ti kọ́ pé ọkọ̀ máa ń dúró níbi pátákó pupa, ọmọ yẹn á gbé ẹsẹ̀ sí títì pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Àlejò tó ti ìlú mìíràn wá, tó rí i pé ẹni tó wà lápá kejì ni àmì ní kó dúró, kò ní tẹ bíréèkì.

Iná tìráfíìkì, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Oríta tó tóbi, tí ọkọ̀ pọ̀ sí, ni wọ́n ń ṣe é fún, ó sì ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í lọ àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Oríta wa kò tó bẹ́ẹ̀.

Bọ́ǹpù ńkọ́? Òun gan-an ló ń dín eré kù, tí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ní 1973, onímọ̀ kan ní ibùdó ìwádìí ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Watts, gbé ìrísí bọ́ǹpù kan jáde tí ayé ṣì ń lò: gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́rin. Ọkọ̀ tó bá rọra gùn ún kò ní gbọ̀n. Ẹni tó bá sáré gùn ún ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá fi wé èyí tí a ń fi ṣọ́bìrì àti sìmẹ́ǹtì dà sójú títì wa lóru: ó ga bí ìdènà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò kùn ún. Ọkọ̀ tó gbé aláboyún tó ń rọbí lọ sílé ìwòsàn ní láti dúró kó tó lè gùn ún. Ọlọ́kadà tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ máa ń ṣubú lórí rẹ̀ lóru. Bí a óò bá ṣe bọ́ǹpù, kí ó jẹ́ ọ̀kan sí apá òkè, ọ̀kan sí apá ìsàlẹ̀ títì ọlọ́dà, kí ọkọ̀ tó dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń sọdá. Kí káńsù mọ̀ sí i, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, kí àmì ìkìlọ̀ sì wà ṣáájú rẹ̀. Eré tí àjọ ìlera àgbáyé ń dámọ̀ràn níbi tí ènìyàn àti ọkọ̀ bá ti jọ ń lo ojú ọ̀nà ni kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Ibẹ̀ ni bọ́ǹpù yẹn máa mú eré dé, mítà 25 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á sì wá tó fún wa láti rí.

Wọ́n ti bi mí léèrè pé kí ló dé tí títì ọlọ́dà fi ní láti jẹ́ ti àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ onílé inú ẹgbẹ́ yìí ń gbé. Ìbéèrè rere ni. Ohun tí kò yẹ kó pinnu rẹ̀ ni iyì ẹni tó ń gbé ojúlé kan, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ àgbà sí. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa mú ìwé àti bíírò, kí wọ́n jókòó sí oríta náà ní àárọ̀, ní ọ̀sán tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń tú, àti ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n ka ọkọ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n ka ọ̀kadà àti Márúwá lọ́tọ̀, kí wọ́n sì ka àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ ni a kì í sábà kà, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù. Ọ̀nà tí ọkọ̀ pọ̀ sí jù ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó máa lọ, torí bí a bá dá èyí tó pọ̀ dúró nítorí èyí tó kéré, àwọn dírẹ́bà kò ní gbà. Ohun tí mo fi ojú rí fi hàn mí pé títì ọlọ́dà ni. Bí iye tí ẹ kà bá sọ ohun mìíràn, òun ni kí ẹ tẹ̀lé, kí ẹ pa tèmi tì.

Ẹ má ṣe gbé pákó tí a fi ọwọ́ kọ "ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró" síbẹ̀. Ìrísí àmì ló ń sọ̀rọ̀ kí lẹ́tà tó sọ. Àmì dúró àkọ́kọ́ tí wọ́n rì ní ìlú Detroit ní 1915, pátákó funfun kékeré lásán ni. Ní 1923 ni àwọn onímọ̀ ojú pópó ní Amẹ́ríkà fẹnu kò sí igun mẹ́jọ. Yẹ́lò ni wọ́n ń kùn ún, torí ọ̀dà pupa ìgbà yẹn tètè ń ṣá. Ọdún 1954 ló tó di pupa. Ọlọ́pàá kan ní ìlú Tulsa, Clinton Riggs, ló gbé àmì fọ̀nà-sílẹ̀ jáde ní 1950. Lónìí, ẹni tí kò mọ ìwé kà mọ igun mẹ́jọ, ó mọ igun mẹ́ta tó dorí kodò. Bí ẹrẹ̀ bá bo lẹ́tà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìrísí rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà kejì pàápàá, tó jẹ́ ẹ̀yìn pátákó ló ń wò, mọ ohun tí wọ́n ní kí ẹnìkejì ṣe. Pákó tiwa kò lè ṣe ìyẹn, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó lè fi mú ẹnikẹ́ni.

Ta ló ni àṣẹ? Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ṣíṣe àti títọ́jú ojú pópó àdúgbò sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, káńsù ni kí lẹ́tà wa kọ́kọ́ lọ bá, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988. Kò yẹ kí àwa ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ máa tijú láti bá àjọ yẹn sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá ṣáájú rẹ̀, ní 1977, ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ tí àjọ ti ìjọba àpapọ̀ ní. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wà nínú ẹ̀ṣọ́ ti Ọ̀yọ́ yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà lè yọ̀ǹda ara wọn.

Kí gbogbo àdúgbò sì gbọ́ kí ọjọ́ tí a óò ri àmì tó pé. Ẹ̀yin tó ti gbọ́njú ní April 2, 1972 rántí: ọjọ́ yẹn ni gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ó ṣe é ṣe torí pé wọ́n ti kéde rẹ̀ tó fi jẹ́ pé kò sí dírẹ́bà tó lè ní òun kò gbọ́. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìmáàmù kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí pásítọ̀ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí alága àwọn ọlọ́kadà sọ ọ́ ní gáréèjì, kí àwọn tíṣà kọ́ àwọn ọmọ ní ibi tí wọn yóò ti máa sọdá. Kí pátákó náà ga tó mítà méjì ó lé díẹ̀ sílẹ̀, kí orí rẹ̀ lè yọ lókè agboòrùn. Kí ó jẹ́ irú èyí tó ń tàn bí iná ọkọ̀ bá kàn án, torí àdúgbò wa kì í ní iná lóru. Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ ìwé ìpolongo ìdìbò tàbí ti ìsọjí mọ́ ọn, kí a ya ìwé náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Alága, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Kí ẹ má ṣe tú ìpàdé yìí ká láìyan àwọn tí yóò lọ bá ẹni tó ni kóńténà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àti àwọn tí yóò jókòó ka ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ní oríta náà. Kí lẹ́tà sí káńsù jáde lẹ́yìn tí iye náà bá wà lọ́wọ́ wa, kí orúkọ onílé, ayálégbé, ọlọ́jà àti ọlọ́kadà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí àmì bá ti wà níbẹ̀, ẹ padà lọ kà, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń fi ọ̀nà sílẹ̀ lóòótọ́. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tún pe ìpàdé.